Ibi Tí Wọ́n Á Ti Ka Ọmọ Mi Mọ́ Wọn

Ó rẹ̀ mí lọ́dún yẹn débi pé mo lè sùn lórí ìdúró. Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìwòsàn kan ní Queens. Láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, ẹsẹ̀ mi kì í kúrò nílẹ̀, láti ibùsùn kan dé òmíràn. Sátidé rèé, ọmọ mi kì í wọ mọ́tò tàbí tírénì lọ́jọ́ náà, nítorí pé Ọjọ́ Ìsinmi àwọn Júù ni, Júù sì ni ọmọ mi. Ó wá ku Sọ́ńdè nìkan. Báyìí ni gbogbo Sọ́ńdè wa ṣe di ọjọ́ à ń wá kọ́lẹ́ẹ̀jì kiri.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tí mò ń lọ, níbi tí a ti ń fi Yorùbá jọ́sìn, àwọn ìyá tí a jọ wà lẹ́gbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Sister, ṣé kọ́lẹ́ẹ̀jì lẹ̀ ń wá fún ọmọ yìí àbí ọkọ? Ọkọ gan-an kì í pẹ́ tó báyìí o." Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, torí pé mi ò lókun àlàyé.

Ọmọ ẹlòmíràn ń wá ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìṣègùn dáadáa, tàbí ibi tí yóò ti jìnnà sí ìyá rẹ̀. Tèmi ń wá kọ́lẹ́ẹ̀jì tí àwọn ọmọ Júù ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló sì ń gbé káàkiri: nírọ̀lẹ́ ọjọ́ lásán, tí òjò ń rọ̀, tí ìdánwò ti gba gbogbo yín lọ́kàn, ṣé ẹ máa ń pé mẹ́wàá?

Kí n tó lè sọ ìdí tó fi ń béèrè bẹ́ẹ̀, àfi kí n sọ ti bàbá rẹ̀. Júù ni. Olùkọ́ ìṣirò ni nílé ìwé girama, ọkùnrin gíga tí ata ń yọ lẹ́nu tó sì ń fi tipátipá jẹ ẹ́ nítorí mi. Kí a tó fẹ́ra wa la ti fẹnu kò pé ọ̀nà bàbá ni ọmọ yóò tọ̀. Kò nira fún mi rárá. Nílé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, ta ni kò mọ̀ pé bàbá ló lọmọ? Ìyá á máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tirẹ̀, á sì máa gbàdúrà fún gbogbo wọn.

Láàárọ̀ Sátidé, òun àti ọmọ á fẹsẹ̀ rìn lọ sí sínágọ́gù kékeré kan tí kò jìnnà sí wa ní Queens Village. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mọra, mo kọ́ ọ ní òwe kan, pé ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Ó fẹ́ràn òwe náà ju gbogbo Yorùbá tó gbọ́ lẹ́nu mi lọ. Ó ní òfin àwọn gan-an nìyẹn, pé àwọn àdúrà kan wà tí ẹnìkan kò gbọdọ̀ dá gbà, àfi kí èèyàn mẹ́wàá pé. Nítorí náà, tí wọ́n bá ti sínágọ́gù dé, kó tó bọ́ bàtà, á lọgun lẹ́nu ọ̀nà pé, "Àwá dé!" pẹ̀lú ohùn tí kò bá ti Yorùbá mu rárá. Ọmọ á gbè é. Èmi á dáhùn láti ilé ìdáná pé, "Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ọ̀pọ̀ èèyàn."

Àìsàn mú bàbá rẹ̀ lọ nígbà òtútù. Láti ìgbà náà, ọmọ nìkan ló ń rìn lọ, òun nìkan ló ń rìn bọ̀. Á rọra ṣílẹ̀kùn, á bọ́ bàtà, á wọ yàrá rẹ̀ lọ. Mi ò gbọ́ àwá dé nílé wa mọ́.

Àwọn Júù ní ohun kan tí wọ́n ń ṣe fún òkú wọn tí ọdún bá yí po. Ọmọ á tan àbẹ́là kan tó wà nínú ife, tí yóò jó mọ́jú títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà, á dìde láàárín èèyàn mẹ́wàá, á ka àdúrà kan fún òbí rẹ̀, àwọn yòókù á sì máa ṣe àmín. Tí wọn ò bá pé, kò sí àdúrà. Nígbà tí ọdún kìíní pé, a lọ sí sínágọ́gù wa yẹn. Àwọn arúgbó ló kù síbẹ̀. Àwọn kan ti kó lọ bá ọmọ wọn ní Florida, àwọn kan wà lórí ibùsùn nílé ìwòsàn bíi tèmi. A jókòó, wọ́n ń fi fóònù pe èèyàn, wọn ò pé. Èmi náà jókòó síbẹ̀ bí odidi èèyàn kan, ṣùgbọ́n wọn ò lè kà mí mọ́ ara wọn, torí pé èmi kì í ṣe Júù. Bàbá tó ń darí wọn di ọwọ́ ọmọ mi mú, ó ní kó má bínú. Ọmọ mi ní kò sí wàhálà. Nígbà tí a délé, ó jókòó síwájú àbẹ́là náà, kò jẹun. Ohun tó fà á tó fi ń bi gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ìbéèrè yẹn nìyẹn, ohun náà ló sì fà á tí mo fi ń tẹ̀lé e kiri pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú.

Kí n má purọ́, àwọn ibi tí a lọ ti jọra wọn lójú mi. Ẹ̀ṣọ́ á wà lẹ́nu ọ̀nà ilé àwọn ọmọ Júù, á tú báàgì wò, bí ayé ṣe dà nìyẹn. Nínú ilé, àwòrán àwọn ọ̀dọ́ tó ń rẹ́rìn-ín á kún ara ògiri. Wọ́n á mú wa wo ilé ìdáná méjì, ọ̀kan fún ẹran, ọ̀kan fún wàrà, torí pé òfin wọn kò jẹ́ kí méjèèjì pàdé. Níbi tí a kọ́kọ́ lọ, mo gbé chin-chin tí mo dín dání, torí pé èèyàn kì í lọ́wọ́ òfo lọ bá ẹni tí yóò bá a tọ́jú ọmọ. Ìtìjú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ mi kú. Ohun tí wọ́n bá dín nínú ìkòkò tèmi kò gbọdọ̀ wọ ilé ìdáná wọn. Ẹ̀ṣọ́ ló jẹ ẹ́, ó sì béèrè bóyá a tún ń bọ̀.

Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Brooklyn, ọmọkùnrin tó mú wa káàkiri ní tó bá di alẹ́ Fúráìdè, èrò máa ń kún gbọ̀ngàn débi pé wọ́n á máa dúró. Ọmọ mi ní, "Túsìdeè ńkọ́?" Ọmọkùnrin náà họrí. Níbòmíràn, wọ́n ní àwọn ní ẹgbẹ́ lórí fóònù, pé bó bá ti ṣe pàtàkì, èèyàn á wá. Nínú tírénì, màá bi í pé báwo ló ṣe rí i. Á ní, "It's fine, Mọ́mì." Tí ọmọ mi bá ti ní nǹkan dáa báyẹn, kò ní padà síbẹ̀ mọ́.

Nígbà tó yá, a lọ sí èyí tó wà ní Manhattan. Gíláàsì ni ilé wọn láti ìsàlẹ̀ dókè. Ọmọ mi béèrè ìbéèrè rẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ làwọn ń pé, àwọn tún máa ń ṣẹ́kù. Ojú ọmọ mi tàn. Wọ́n ní ká dúró ṣe àdúrà ọ̀sán pẹ̀lú àwọn, torí pé tọkùnrin tobìnrin làwọn ń kà. Mo sọ nínú ara mi pé Ọlọ́run ṣeun, mo ti bọ́ lọ́wọ́ Sọ́ńdè.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí irùngbọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù lágbọ̀n rẹ̀ ló ń ṣètò àdúrà náà. Ó sún mọ́ ọmọ mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó ní kó má bínú o, ṣé ìyá rẹ̀ ni Júù? Èmi tí mo dúró tì wọ́n rò pé ojú yóò ti ọmọ mi, mo gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Mo ní, "Bàbá rẹ̀ ni! Bàbá rẹ̀ gan-an ni Júù, látòkè délẹ̀. Bàbá tó bí bàbá rẹ̀ pẹ̀lú." Ohun tó lágbára jù nínú ẹrù mi ni mo gbé jáde yẹn. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní ká jókòó níbi tó bá wù wá.

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í na ìka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń sọ ọ̀rọ̀ kan sórí ẹni kọ̀ọ̀kan. Kò pe iye kankan. Kí ẹnikẹ́ni tó ṣàlàyé fún mi ni mo ti mọ ohun tó ń ṣe. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Màámi kò jẹ́ sọ iye ọmọ tó bí fún ẹnikẹ́ni títí dòní. Tí o bá bi í, á ní Ọlọ́run ló mọ̀ wọ́n. Àwọn wọ̀nyí náà kì í ka èèyàn, wọ́n á mú ẹsẹ kan tó ní ọ̀rọ̀ mẹ́wàá nínú Ìwé Mímọ́, wọ́n á pín in lé orí èèyàn. Inú mi dùn pé mo bá wọn mọ ìyẹn. Ìka náà ń bọ̀ lórí ìlà tiwa. Ó bà lé ọmọbìnrin tó wà lápá ọ̀tún ọmọ mi. Ó fo ọmọ mi dá. Ó bà lé ẹni tó wà lápá òsì.

A ti wọ tírénì, a ti kọjá odò, kí ọmọ mi tó lanu. Ó ní, "Mọ́mì, kí ló dé tí ẹ ò sọ ti omi?"

"Omi wo?"

Ó wá fi Gẹ̀ẹ́sì là á yé mi, bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Lọ́dọ̀ àwọn Júù, ìyá ló lọmọ. Ohun tí ìyá bá jẹ́ lọmọ ń jẹ́. Bàbá lè jẹ́ Júù látòkè délẹ̀, kò kan ìyẹn. Ìdí nìyẹn tí Dádì fi gbé òun lọ síbi omi nígbà tí òun wà ní ìkókó, kí wọ́n lè gba òun wọlé. Omi yẹn ni gbogbo ẹ̀tọ́ tí òun ní. Ẹni tó gba ìdáhùn mọ́ òun lẹ́nu kò sì mẹ́nu kàn án.

Mo rántí omi náà dáadáa. Ọmọ oṣù méje ni. Ẹ̀yìn mi ló wà títí a fi dé ilé kan tí wọ́n gbẹ́ kòtò omi sí, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Àwọn àgbà ìsìn mẹ́ta dúró, rábì kan wà nínú wọn. Bàbá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó rì í, ọmọ figbe ta, mo sì fi táwẹ̀lì já a gbà. Ó dájú pé bàbá rẹ̀ ṣàlàyé ohun tó wà fún, mo sì ti mi orí. Lójú tèmi, ìsàmì ni, bíi tiwa ní ṣọ́ọ̀ṣì, ohun ẹ̀yẹ fún ọmọ tó ti jẹ́ ti bàbá rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Mo wẹ̀yìn nínú tírénì yẹn. Bàbá ló lọmọ ni mo rí níbẹ̀, tó dùbúlẹ̀ sójú ọ̀nà bí òkúta.

Mo ní, "Ṣé èmi ni mo wá bà á jẹ́?"

Ó ní, "I didn't say that."

Kò sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó dùn mí, ó dùn mí wọra. Inú mi ló gbé e fún oṣù mẹ́sàn-án, inú mi yẹn náà ló jẹ́ kí ìka fò ó dá. Mo ní ká padà lọ bá wọn, ká ṣàlàyé ti omi. Ó ní rárá. Ó ní wọ́n pọ̀ jù, wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn fo ẹnikẹ́ni. Odindi oṣù kan ló fi kọ̀ láti bá mi lọ wo ibòmíràn.

Mo pe Màámi ní Ìjẹ̀bú-Òde. Mo rò pé yóò bá mi dárò. Ó ní, "Ìyá ló lọmọ? Ilẹ̀ wo nìyẹn?" Ó ní, "Ta ló gbé ọmọ náà dé ibi omi?"

Mo ní, "Èmi ni, mà. Ẹ̀yìn mi ló wà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ìyá ló lọmọ, ìyá náà ló sì gbé e wá fún wọn. Kí ni wọ́n tún ń wá? Tí wọ́n bá tún bi ọ́, ìyẹn ni kí o sọ, má pariwo bàbá mọ́." Ọ̀rọ̀ owó tí mo máa fi sórí fóònù rẹ̀ ló kù tó bá mi sọ.

Ó ku kọ́lẹ́ẹ̀jì kan, ní Bronx. Kékeré ni, mi ò gbójú lé e. Sọ́ńdè tí wọ́n fún wa bọ́ sí ọjọ́ tí ìrántí ọdún kejì ikú bàbá rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ nírọ̀lẹ́, nínú kàlẹ́ńdà tiwọn tó ń bá òṣùpá rìn. Sínágọ́gù wa ti kógbá sílé nígbà náà, wọ́n ti tì í pa. Láti ìdájí ni wọ́n ti pè mí síbi iṣẹ́, torí pé nọ́ọ̀sì kan kò wá. Nígbà tí mo délé, ọmọ mi ti wọ bàtà, ó ń tan àbẹ́là náà sílẹ̀, ó sì gbé e sínú síńkì ilé ìdáná kó má bàa jó ilé mọ́ra. Ó ní, "Tí wọ́n bá pé, mo máa ka àdúrà mi. Tí wọn ò bá pé, I'm done looking." Mi ò bọ́ aṣọ iṣẹ́. A jáde.

Yàrá méjì péré ni ilé wọn, nísàlẹ̀ ilé kan. Àga wọn ò bára mu, ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná ń pariwo bí ìkòkò tó ń hó. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà níbẹ̀ jókòó pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn, wọ́n ń tẹ fóònù, wọ́n ń wo ẹnu ọ̀nà. Mo ti rí irú ìjókòó yẹn rí ní sínágọ́gù wa. Ọkàn mi rẹ̀wẹ̀sì.

Ọmọbìnrin onígò ojú kan ló ń darí àdúrà. Ọmọ mi sọ fún un pé ọjọ́ bàbá òun ni. Ó ní, "Ṣé a lè kà ọ́?"

Ọmọ mi lanu, ó pa á dé, ó sì yíjú sí mi. Kì í ṣe pé ó ń bẹ̀ mí. Ó ń wò ó bóyá màá tún gba ọ̀rọ̀ mọ́ òun lẹ́nu ni.

Mo rọra sọ̀rọ̀. Mo ní, "Èmi ni ìyá rẹ̀. Èmi kì í ṣe Júù. Wọ́n rì í bọmi nígbà tó wà lóṣù méje, àwọn àgbà ìsìn yín mẹ́ta ló dúró tì í. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n débẹ̀, èmi ni mo sì fi táwẹ̀lì gbà á." Ohùn mi ń gbọ̀n. Mo fẹ́ sọ pé àárẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹkún ni.

Ọmọbìnrin náà ní, "Ó tó, Mà." Kò béèrè ohunkóhun mọ́. Ó fa àga kan fún mi, ó ní kí n gbé ẹsẹ̀ lélẹ̀ jẹ́ẹ́.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pín ọ̀rọ̀ náà láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ọmọ mi ti sọ ìtumọ̀ ẹsẹ náà fún mi tipẹ́: Sáàmù ni, níbi tí wọ́n ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó gba àwọn èèyàn rẹ̀ là. Mo mọ̀ ọ́n láti kékeré, a máa ń dá a pa dà fún àlùfáà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìka bà lé ọmọkùnrin kan tó wọ sílípáàsì. Ó bà lé àwọn ìbejì méjì. Ó ń bọ̀. Mo di etí àga mú. Ìka bà lé ọmọ mi, ọ̀rọ̀ kẹwàá sì bọ́ sórí rẹ̀.

Gbogbo yàrá mí kanlẹ̀. Ní igun kan, ọmọbìnrin onírun pupa tó ti ń wolẹ̀ látìgbà tí a wọlé dìde, ó bú sẹ́kún. Mo rò pé nǹkan ṣe é. Onígò ojú wá sọ fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ìyá onírun pupa ló kú, ojoojúmọ́ ló yẹ kó máa ka àdúrà yẹn, láti Tọ́sìdeè làwọn ò sì ti pé. Láti ọ̀sán làwọn ti ń retí ẹnìkan.

Àwọn méjèèjì ló dìde. Ohùn ọmọ mi há ní ìlà kejì, onírun pupa dúró dè é, wọ́n sì jọ bẹ̀rẹ̀ pa dà. Mo ṣe àmín níbi tí wọ́n ti ṣe é, mo tún ṣe é níbi tí wọn ò ti ṣe é. Kò sẹ́ni tó fojú burúkú wò mí.

Nínú bọ́ọ̀sì, ara mi balẹ̀ díẹ̀, ọgbọ́n àgbà tún dé sí mi. Mo ní, "Láti Tọ́sìdeè ni wọn ò ti pé o. Ṣé ohun tí a ti ń fi ọdún kan wá nìyí? Àwọn onígíláàsì yẹn ń ṣẹ́kù. Tí o bá ṣàlàyé ti omi fún wọn, wọ́n á kà ọ́."

Ó fi Yorùbá rẹ̀ tó ń tẹ̀ kọ́lọkọ̀lọ dá mi lóhùn, èyí tí kì í sábà ṣe. "Mọ́mì, níbi tí wọ́n ti ń ṣẹ́kù, ta ló máa mọ̀ pé mi ò wá? Àwọn tibí, tí mo bá ti wà níbẹ̀, wọ́n á pé."

Mo gbórí lé fèrèsé bọ́ọ̀sì, mo sùn, òun ló jí mi nígbà tí a dé ibi tí a ó ti sọ̀.

Òun ló fi kọ́kọ́rọ́ ṣílẹ̀kùn. Òkùnkùn wà nínú ilé, àfi ìmọ́lẹ̀ àbẹ́là tó ń tàn wá láti inú síńkì. Kò bọ́ bàtà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sì fi ohùn tí kò bá ti Yorùbá mu, ohùn bàbá rẹ̀ gan-an, sọ̀rọ̀ sínú ilé pé, "Àwá dé."

Èmi tí mo máa ń dáhùn láti ilé ìdáná, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo dúró sí pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́. Mo dáhùn láti ibẹ̀ pé, "Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ọ̀pọ̀ èèyàn."